Apá Ẹyẹ Agbe

Aṣọ aró tuntun mẹ́fà ni Àwẹ̀ró gé láti fi rán ẹyẹ agbe sára aṣọ ìbora tí àbúrò rẹ̀ máa gbé relé ọkọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà kàn dúdú bí ìdí ìkòkò ni. Ó bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ àgbà tú ẹrù àkísà sílẹ̀ níwájú rẹ̀: ìró ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀já tó fi pọn ọmọ méje. Gbogbo wọn ló ti ṣá, kò sí méjì tí aró wọn dọ́gba.

"Gé wọn," ìyá àgbà ní.

Nígbà tí Àwẹ̀ró rán wọn tán, àfi bíi pé agbe náà fẹ́ fò. Ẹnu yà á, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá àgbà, ta ló rẹ irú aró yìí fún yín?"

"Oòrùn àti omi ìfọṣọ ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kọ́kọ́ lọ lo tìẹ gbó, ọmọ mi."