Ẹbí Tó Ń Wá Ọ̀rọ̀ Nílẹ̀
Eré wíwá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn ni oúnjẹ àárọ̀ Olóyè Akínrìnádé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn nílùú. Lọ́jọ́ tí ẹbí Ìṣọ̀lá, fọkanáísà tó ń lẹ táyà, wá tọrọ Mojírọ́lá ọmọ rẹ̀, ó ní àfi kí Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ lẹ́tà márùn-ún péré, tí q, x àti z sì wà nínú rẹ̀. Ìṣọ̀lá ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ẹbí rẹ̀ sì nà tẹ̀lé e. Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ yìí la ó ti máa wá a.” Ẹ sì mọ̀ pé bí àna bá dọ̀bálẹ̀, bàbá ìyàwó ló ń ní kó dìde, bó bá sì ti ní kó dìde, ó ti gbà á lána nìyẹn. Obì wà nínú àwo, kò ṣeé pa. Ìrẹsì ń tutù, kò ṣeé bù. Olóyè ń wòran. Ni Ìṣọ̀lá bá gbórí sókè: “Bàbá àgbà, ó ku ẹ̀yin o.” Bàbá àgbà rẹ̀, tó ju bàbá tó bí Olóyè lọ lọ́jọ́ orí, gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ní, “Ẹ sún fún mi.” Ẹ̀gbọ́n Olóyè obìnrin figbe ta: “Akínrìnádé! Kí àgbà yìí tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ, sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn!” Olóyè wo òkè, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò kúkú sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí orúnkún bàbá àgbà fẹ́ kanlẹ̀, Olóyè sáré gbá a mú: “Ẹ dìde, gbogbo yín, ẹ dìde jàre!” Ìṣọ̀lá gbọn eruku àyà rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tá a wá gbọ́ nìyẹn.”