Gẹ̀ẹ́sì Olówó Lára Géètì Olóyè Ṣówándé
Olóyè Ṣówándé kọ́ ilé alájà mẹ́rin, ló bá pe Mojírayọ̀ tí ń kọ pátákó, tó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ rẹ̀: “Kọ Gẹ̀ẹ́sì olówó tí tálákà kankan ò lò rí sára géètì mi. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó o jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la!” Mojírayọ̀ ní òun á kọ ‘Lọ́ṣọ́rì’, olóyè ní ó wà lára ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. ‘Rọ́yàlì’ ńkọ́? Orúkọ omi inú ọ̀rá ni. ‘VIP’ ńkọ́? “Ìyẹn wà lára ilé ìyàgbẹ́ gáréèjì!” Obìnrin náà ò jiyàn mọ́. Ó kun géètì ní dúdú, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà yí etí rẹ̀ ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Olóyè figbe ta lójú gbogbo àdúgbò: “Gẹ̀ẹ́sì mi dà?” Mojírayọ̀ kúnlẹ̀. “Bàbá, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ta ló rí erin tó gbé pátákó ‘erin nìyí’ kọ́rùn rí? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rò pé àwọn èèyàn ò ní dá yín mọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.” Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wúkọ́. “Ta ló ní kó o kọ nǹkan?” Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, olówó mẹ́ta ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Mojírayọ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn fi ọ̀dà pa Gẹ̀ẹ́sì ara géètì àwọn rẹ́.