Ìdí Tí Ìyá Ehoro Fi Ń Tu Irun Àyà Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ehoro kò tíì mọ bí a ti ń gbẹ́ ihò, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ń gbé. Ìyá Ehoro tí mò ń sọ yìí ń gbé lẹ́yìn ilé ìdáná opó kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ní abà kan tó jìnnà sí ìlú. Inú àgò ló ń sùn. Irun àyà rẹ̀ nípọn, ó sì funfun. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í fi ahọ́n tún un ṣe. Ẹ má bú u o, ẹni tó ní ohun rere ló ń tọ́jú ohun rere.

Ó pẹ́ kí Ehoro tó bímọ. Ó ti kí Ewúrẹ́ kú ewu ọmọ, ó ti kí Adìẹ, ó ti wúre fún ọmọ gbogbo ẹran inú abà. Bó bá padà sínú àgò rẹ̀, á kàn máa fi ahọ́n tún irun àyà rẹ̀ ṣe ni. Nígbà tí tirẹ̀ máa dé, àárín ọyẹ́ ló dé.

Àwọn ọmọ náà kò ní irun lára, ojú wọn kò sì tíì là. Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Wọ́n ti dáná sun ìgbẹ́, eku ti sá lọ, ebi sì ń pa Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Àyọ̀ká mọ ohun tí ebi ń mú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe. Ó gbé àgò gorí pèpéle, ó da koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ó fi àpò ìdọ̀họ bò ó. Ó fi okùn so ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú ló jẹ́ kí kókó okùn náà wà, kí eyín Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà dé ibẹ̀.

“Ìwọ nìkan lo lè tú u,” ó wí fún Ehoro. “Mò ń lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní pẹ́ dé. Koríko wà, omi wà. Ẹni yòówù kó dé, má tú okùn yìí. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀.”

“Mo gbọ́, Ìyá,” ni Ehoro dáhùn.

Àyọ̀ká kò tíì jìnnà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi dé. Ó gé àgò jẹ, àgò kò já. Ó fi èékánná walẹ̀ ìdí pèpéle, pèpéle kò wó. Ó bínú lọ.

Ọkàn Ehoro balẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Òtútù ti lé gbogbo ẹran mọ́lé, kò sì sí ẹni tó wá kí i. Ó ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ohùn kan láàárín kùrukùru.

“Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ọlọ́mọ. Ẹ kú ìtọ́jú.”

Ehoro yọjú wò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ó dúró lókèèrè, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọlúàbí.

“Èmi ni, mi ò parọ́,” ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. “Ẹ kúkú rí i pé mi ò sún mọ́ yín. Ta ló ti wá kí yín?”

Ehoro fa koríko bo àwọn ọmọ rẹ̀.

“Ewúrẹ́ ńkọ́? Adìẹ ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kí gbogbo wọn nígbà tiwọn.”

Omijé bọ́ lójú Ehoro. “Kò tíì sí ẹni tó wá,” ó wí.

“Ọmọ tí ẹ ti ń retí látọjọ́ yìí? Ọmọ kì í wáyé kí á má wúre fún un. Ẹ jẹ́ kí n fojú kàn wọ́n, kí n wúre, kí n máa lọ.”

A kì í lé ẹni tó wá kíni kú ewu ọmọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ Ehoro dàgbà nìyẹn. Ó mọ̀ pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni, ó sì rántí ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká. Ṣùgbọ́n ó wù ú kí ẹnì kan ṣáà pe òun ní ìyá. Ó tú okùn náà.

“Wọn yóò dàgbà,” ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí, ó ń rọra sún mọ́ ọn.

“Àṣẹ,” ni Ehoro wí.

“Wọn yóò gbẹ̀yìn yín.”

“Àṣẹ.”

Ehoro kò tíì pa ẹnu dé tí orí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi wà nínú àgò. Mi ò ní sọ ìyókù. Ó dùn mí púpọ̀.

Nígbà tí Àyọ̀ká dé, ó gbé okùn náà wò. Eyín kankan kò gé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò bá Ehoro wí.

“Omi ló dànù, agbè ò fọ́,” ó wí.

Ohun tí wọ́n ń sọ fún ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ehoro kò gbọ́ ọ, nítorí ohun kan ń mira lábẹ́ koríko. Ọmọ tó kéré jù lọ ló kù. Ara àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń mú un móoru tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ sì ti tutù báyìí bí òkúta odò. Àyọ̀ká sáré lọ mú aṣọ. Kó tó dé, Ehoro ti ń fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀, irun funfun náà, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Ó fi bo ọmọ náà. Àyọ̀ká ti ọwọ́ bọ inú irun náà, ó bá a tó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ehoro fi ẹnu gbé ọmọ náà wọ inú igbó. Ó gbẹ́ ihò, ó fi irun tẹ́ ẹ, ó gbé ọmọ sí i, ó fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò náà. Ó wá lọ jókòó sábẹ́ igi kan lókèèrè bí ẹni tí kò bímọ rí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá, ó bi í pé ọmọ ńkọ́. Ehoro ń jẹ koríko rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá ọ̀tún, ó wá òsì, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ehoro ti ń tu irun àyà rẹ̀ bí ìbímọ rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kódà èyí tí ènìyàn ń sìn nílé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń dí ẹnu ihò mọ́ ọmọ, tí í yọ́ lọ fún wọn lọ́mú, tí í sì tètè jìnnà sí wọn. Àwọn tí kò mọ̀ a máa ní kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀.