Ìdí Tí Ìtẹ́ Àdàbà Fi Rí Jákujàku

Nígbà láéláé, kí Ẹ̀gà tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun koríko, Àdàbà ni ọ̀gá gbogbo ẹyẹ tó ń kọ́lé. Ìtẹ́ rẹ̀ a jinlẹ̀ bí igbá, òjò kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀gà ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ariwo ọmọ náà pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ dénú.

Ẹ ti gbọ́ ọ pé wọ́n ń kùngbẹ́, àdàbà ò náání, àbí? Irọ́ ni o! Lọ́dún kan, iná ìgbẹ́ jó o lápá, ó sì náání dáadáa. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọ̀kẹ́rẹ́, àgbà tó mọ gbogbo igi inú igbó, mú un lọ sídìí igi kan tí oje ń sun lára rẹ̀.

"Lá a, ìrora á lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti lọ, má padà sídìí igi yìí mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá. Ẹ ṣeun."

Oje náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, apá sì jinná. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ara Àdàbà fúyẹ́, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní kí òun kàn tún lá díẹ̀ sí i. Díẹ̀ di púpọ̀. Nígbà tó yá, bí kò bá lá a, gbígbọ̀n ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó yé ẹyin, ó bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́. Ó to igi díẹ̀, ó dúró, ó ń wòye.

"Ẹ̀gà, kí ló kàn?"

Ẹ̀gà rò pé ó ń dán òun wò ni. "Ẹ máa ń fi koríko so ó yíká, ọ̀gá mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ ni!"

Kò pẹ́, ó tún béèrè. Bí Ẹ̀gà bá kọ́ ọ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé pátápátá. Ọ̀nà ìdí igi oje nìkan ni kò gbàgbé.

Ẹ̀gà bú sẹ́kún. "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oje yìí sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ yín tó ń bọ̀."

Ẹkún náà wọ Àdàbà lára. Ó fi oje sílẹ̀. Ó gbọ̀n, ó rù, Ẹ̀gà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ilé kíkọ́ kò padà. Orí igi díẹ̀ yẹn náà ló yé ẹyin sí.

Kí Ẹ̀gà tó rí koríko já wá, ìjì dé. Igi ń mì, ẹyin ń yí.

"Ọ̀gá mi, ẹ fò o! Ẹ sá!"

Àdàbà na ìyẹ́ bo ẹyin rẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀ka. "Mi ò mọ ilé kọ́ mọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀."

Ìjì lọ, ẹyin kò bọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìtẹ́ àdàbà ti rí jákujàku, tí èèyàn lè dúró nísàlẹ̀ kó rí ẹyin rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni kì í ti í tètè fò kúrò lórí wọn. Ẹ má fi ìtẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rọra kọjá, ẹ jẹ́ kó sàba.