Koríko Tó Wà Láàárín Oko Méjì

Ọkùnrin kan wà tí oko àgbàdo rẹ̀ bá ti ẹlòmíì pààlà. Ọ̀pẹ kan wó lulẹ̀ lórí ààlà náà, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò gbé e kúrò. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ro ààlà. Olúkúlùkù ní bí òun bá kọ́kọ́ fi àdá kan koríko ibẹ̀, a jẹ́ pé òun gbà pé òun lòun jẹ̀bi. Oyèékànmí, má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì débi ẹ̀rín.

Koríko ga, ó kọjá orí ènìyàn. Òyà sọ ibẹ̀ di ilé.

Nígbà tí àgbàdo yọmọ, ọkùnrin yìí dé oko, ó rí i pé òyà ti gé ìlà márùn-ún lulẹ̀. Àgbàdo yìí ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ yóò jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní òmíràn. Ó bínú, ó dẹ tàkúté. Ibo ló dẹ ẹ́ sí? Àárín oko ni, níbi tí àgbàdo ti dára jù, ó ní ibẹ̀ ni olè yóò fẹ́ dé. Ajá rẹ̀ ni tàkúté mú. Ajá kan ṣoṣo tí òyà ń bẹ̀rù lóko náà wá ń tiro nílé, òyà sì fi ìlà méjì kún márùn-ún.

Ó ránṣẹ́ pe ọdẹ àgbà kan. Ọdẹ náà kò tilẹ̀ gbé ìbọn dání. Ó rìn láti etí koríko wọnú oko, ó ń ka ìlà, ó sì dúró ní ìkeje.

"Ibí ni wọ́n dé," ó ní. "Ìkẹjọ dára ju ìkeje lọ, ebi sì ń pa wọ́n, síbẹ̀ wọn ò fẹnu kàn án. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Òyà kì í jẹun kọjá ibi tó ti lè sá padà sínú koríko kí ajá tàbí ènìyàn tó bá a. Gé koríko yẹn. Bí kò bá ríbi sá sí, yóò máa wo àgbàdo rẹ lókèèrè ni."

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹni tó yẹ kó gé e wà lódìkejì. Ẹ lọ bá a sọ ọ́."

Ọdẹ lọ sódìkejì. Ìlà méje ló bá níbẹ̀ náà, ìdáhùn kan náà ló sì gbà. Ó kọrí sílé rẹ̀. Èmi náà ì bá ti lọ.

Ní ọdún kejì, ọkùnrin yìí ní òun gbọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí òyà kì í kọjá ìlà méje, òun yóò fi ìlà méje sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan síbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Mò ń bi ọ́, ìwọ àgbà yìí, kí ló ń hù ní ilẹ̀ tí a kò ro? Koríko hù. Òyà ṣí wọ ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà méje mìíràn. Ẹnìkejì náà gbọ́n irú ọgbọ́n yẹn ní tirẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, igbó ló kù níbi tí oko méjì wà, ọjà ni àwọn méjèèjì sì ti ń ra àgbàdo.

Mi ò ní pa òwe ògiri àti alángbá fún ọ, o ti gbọ́ ọ títí ó ti di orin. Ìgbà kẹta rèé tí o wá bá mi pé àwọn kan ń gé ilẹ̀ bàbá yín tà. Etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n mú ìdí obì, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n dé ìtòsí sàréè bàbá yín. O ní kí n bá ọ wá lọ́yà tó le. Lọ́yà wo? Ojo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Wọ́n á wá bá ọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti fọwọ́ sí i, wọ́n á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìwọ ti fọwọ́ sí i, ìwọ ò bi í, òun ò bi ọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ ò ti bá ara yín sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú bàbá yín. O tún wá ń sọ pé kí wọ́n máa gbé etí odò lọ, ilé nìkan ti tó ọ. Ìlà méje rẹ nìyẹn. Ó sú mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá síbí láàárọ̀ yìí. Ìtàn kan náà ni mo sọ fún un. Ó bi mí pé nínú àwọn àgbẹ̀ méjèèjì, ẹni wo ni òun. Mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé títí ẹnìkejì yóò fi dé. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Má bi mí lẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ kí ẹnìkejì. Ìwọ ni àbúrò. Lọ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ gé koríko yín.