Kòkòrò Tó Lé Ahunṣọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ dé o!
Kó wọlé, etí wa ṣí sílẹ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Tíńtín, kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú ìfun Ẹtu. Nínú ara Tíńtín, òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà: adìrù ń di ẹrù oúnjẹ, alárù ń rù ú, ahunṣọ ń hun ẹ̀wù líle tí irú Tíńtín ń wọ̀ rìnrìn àjò láti inú ẹran kan sí òmíràn.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ pọ̀ nínú Ẹtu. Tíńtín ní, "Kí ni mo ń bọ́ yín fún?" Ó lé adìrù, ebi kò pa á. Ó lé alárù, ara rẹ̀ tún fúyẹ́. Ahunṣọ bẹ̀ ẹ́ pé, "Baba, ilé onílé la wà." Ó lé òun náà.

Àìsàn pa Ẹtu. Ìfun rẹ̀ ń tutù. Àwọn kòkòrò yòókù níbẹ̀, tí kò lé ahunṣọ wọn, wọ ẹ̀wù wọn. Tíńtín ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Adìrù, padà wá o,
Òtútù ń pa mí.
Alárù, padà wá o,
Òtútù ń pa mí.
Ahunṣọ, padà wá o,
Òtútù ń pa mí.

Kò sí ọ̀kan tó padà wá. Ó gbìyànjú láti hun ẹ̀wù fúnra rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí igún ya ikùn Ẹtu, oòrùn bá Tíńtín níhòòhò. Kí igún tó yó, Tíńtín ti gbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ilé. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ má gbe orin mi mọ́.