Tòlótòló Ń Rò Ó

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú ọgbà Tòlótòló. Ìwọ tí o ń tòògbé yẹn, jí! Ó lè jẹ́ ìran yín ni mo fẹ́ bú.

Tòlótòló ń fẹ́ ọmọ Ìyá Awó. Ìyá Awó ní, "Bí òjò àkọ́rọ̀ bá pé oṣù kan, màá wá jẹ ọbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ inú ọgbà rẹ. Ẹni tí kò lè bọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, báwo ni yóò ṣe bọ́ ọmọ mi?"

Tòlótòló gbin tẹ̀tẹ̀, ó ń yan kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Òkété kọjá, tí ẹyìn kún ẹnu rẹ̀ bámú. "Ọmọ mi, ọgbà yìí, ro ó!" Ẹnu tó kún kò mọ ohùn pè. "Rò ó" ni Tòlótòló gbọ́. Ó bá jókòó, ó ń ronú.

Ẹ gbè é fún mi!
Koríko yọ!
*Ó ń rò ó!*
Koríko ga ju tẹ̀tẹ̀ lọ!
*Ó ń rò ó!*
Ìyá ìyàwó dé!
*Ó ń rò ó!*

Ìyá Awó wo ọgbà yíká. "Tẹ̀tẹ̀ dà?"
"Màmá, mo rò ó títí, orí fọ́ mi! Ẹ bi Bàbá Òkété."
Òkété, tó tún ń kọjá lọ, tu ẹyìn dànù. "Ọkọ́ ni mo ní kí o fi ro ó, ọ̀dẹ̀!"
Ìyá Awó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, àna mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí o ń fẹ́, èmi náà ń lọ sílé lọ rò ó."

Bí mo bá purọ́, kí koríko hù lórí ahọ́n mi.